Bí A Ṣe Fẹ́ Dán Géèmù Ọlọ́kadà Wò Kí Mọ́ńdè Tó Dé

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ojú títì Ìsẹ́yìn kún fún àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ọ̀gá mi ti sọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi, mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé, sà," mo bẹ́ jáde. Ìgbà tí ilẹ̀ gbígbóná jó mi lẹ́sẹ̀ lẹ́bàá igi máńgòrò ni mo tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn. Mo sáré padà. Ọ̀gá ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wo bàtà, ó ń wo èmi náà.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé bó o ṣe máa ṣètò iṣẹ́ wa nìyí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí ẹni tí mo bá sọ fún láàárín ìlú máa ń wò mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa. Àwa mẹ́ta là ń ṣe géèmù orí fóònù. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìsẹ́yìn níbí ni, ó lọ kàwé n'Íbàdàn, ó padà wálé, ó fi yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá ẹ̀ ṣe ọ́fíìsì. Ẹnì kejì, ọmọkùnrin kan láti Ṣakí, òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń kọ gbogbo ohun tó ń mú kí géèmù máa rìn. Ará Ṣakí la máa ń pè é. Ẹnì kẹta lèmi, tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, tí mò ń jókòó sílé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbá géèmù náà títí màá fi rí ibi tó ti bàjẹ́. Bí mo bá rí i, màá sọ, wọ́n á tún un ṣe. Ìyẹn nìkan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Géèmù ọlọ́kadà ni. Wọ́n á di àpò gàrí sẹ́yìn ọ̀kadà ẹ lóko, ìwọ á máa gùn ún lọ sọ́jà lórí ọ̀nà erùpẹ̀ pupa. Kòtò wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, afárá onípákó tó ń mì wà níbẹ̀. Gàrí ò gbọdọ̀ dà nù. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni méjì, ẹnì kan á gùn ún dé ọjà, á gbé fóònù fún ìkejì, ẹni tí gàrí ẹ̀ bá pọ̀ jù tó sì yára jù ló borí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀sẹ̀ méjì la pín iṣẹ́ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ń pè ní sípíríǹtì. Èmi máa ń pè é ní eré àsápajúdé, torí ohun tá a bá ti pinnu láàárọ̀ Mọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀, a ò ní wo ẹ̀yìn mọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn á fi pé. Wàhálà tèmi ni pé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń gbé e fún mi. "Yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá." Màá yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, màá rí àbùkù, màá sáré lọ sọ. Wọ́n á ní, "Háà, ó ti pẹ́ jù, ó di ìgbà mìíràn." Ìgbà mìíràn ò ní dé. Àbùkù tó wà nínú géèmù wa ti dàgbà, ó kù díẹ̀ kó lọ sílé ìwé.

Ni mo bá ń yọ ọ̀gá lẹ́nu. Ní gbogbo ìgbà. Bó bá ń mu omi, màá ní, "Sà, ìyẹ̀wò yẹ kó ní ètò kí eré tó bẹ̀rẹ̀." Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, màá ní, "Sà, ọ̀rọ̀ ètò yẹn." Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló wá ní kí n jókòó.

"Sípíríǹtì tó ń bọ̀ yìí," ó ní, "lẹ́yìn ẹ̀ la máa gbé géèmù yìí síta fún gbogbo ayé. Lọ ṣe ètò ẹ. Kí ló yẹ ká yẹ̀ wò, ta ló máa gbá a, lórí irú fóònù wo, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni kó o gbé e wá. Bó bá nítumọ̀, ìwọ lo máa darí ẹ̀ láti Mọ́ńdè. Bí kò bá nítumọ̀, àbúrò, mi ò ní tàn ẹ́, ará Ṣakí á máa fúnra ẹ̀ yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, ìwọ á lọ sinmi nílé ná."

Mo mọ "sinmi nílé ná" yẹn. Ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ tí wọ́n ní kó lọ sinmi nílé ná ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí lọ́jọ́ yẹn, wọ́láì. Ohun tí mo gbọ́ ni "ìwọ lo máa darí ẹ̀." Ìdí nìyẹn tí bàtà fi kù sẹ́yìn.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo wọlé, mo jáde, mo wọlé, mo jókòó, mo dìde, mo lọ ṣí ìkòkò wò, mi ò bu nǹkan kan, mo dé e padà. Ẹsẹ̀ mi kọ́ òwú.

"Kí ló ń lé ẹ?" ìyá mi bi mí.

"Màmá, èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò!"

Wọ́n ju òwú sílẹ̀. "Ètò ìgbéyàwó?"

"Ètò géèmù ni o!"

"Hẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n mú òwú wọn padà. "Kó o tó ṣètò yẹn, tú èyí tó o lọ́ pọ̀ yìí ná."

Mo ń tú òwú, mò ń ronú. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe, ó dá mi lójú bí ọwọ́ mi. Géèmù ọ̀nà oko ni, géèmù gàrí ni. Ta ló mọ gàrí bí àwọn ará Ìgànná? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Màá lọ bá wọn, màá gbé fóònù fún àwọn obìnrin ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá bi wọ́n: ṣé ó dáa, níbo ló ti le? Ohun tí wọ́n bá sọ ni ètò mi. Ó parí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Mo gbéra láàárọ̀ Sátidé. Láti Ìsẹ́yìn dé Ìgànná, mi ò gbé ìdí mi jókòó dáadáa lórí àga ọkọ̀. Bí a bá dé ibi kòtò, màá ní, "Kòtò yìí dáa! Irú kòtò yìí ò sí nínú tiwa!" Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, erùpẹ̀ pupa ti kun híjáábù mi, ó ti kun ìpéǹpéjú mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí mi lókèèrè, wọ́n pariwo. Èéfín wà níbi gbogbo, àwọn obìnrin jókòó nídìí agbada, igbá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ro gàrí. Àwọn kan ń rin ẹ̀gẹ́ lápá kejì, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ ká gbọ́rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Wọ́n bu gàrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́, mo jẹ ẹ́, ó jó mi lẹ́nu, mo ní ó dùn.

Mo ṣàlàyé. Mo gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣáájú. Ọ̀kadà wọn wọ kòtò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà wọ kòtò. Wọ́n dá fóònù padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ṣé ó dáa, Màmá?"

"Ó dáa o, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

"Níbo ló ti le fún yín?"

"Kò le rárá. O kú iṣẹ́. O ò ní ṣe é tì."

Mo gbé e fún obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ìyàwó kékeré ni nínú ilé ẹ̀, ìyálé ẹ̀ gan-an jókòó sí agbada kejì. Omi ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó nù ún mọ́ ìró, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà ẹ̀ ò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, kò rìn. Ó dá a padà fún mi.

"Ó mà dáa o!"

"Ṣùgbọ́n kò rìn, àǹtí."

"Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gùn, àbúrò mi. Iṣẹ́ yín dáa. Ẹ máa rí ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbá a yí ká. Gbogbo wọn ló ṣubú, gbogbo wọn ló ṣàdúrà. Ìyálé yẹn ṣàdúrà gígùn kan tó kan ọkọ tí mi ò tíì fẹ́ àti ọmọ tí mi ò tíì bí, gbogbo agbada ní "Àmín." Mo ṣe àmín, inú mi dùn gan-an ni, mo dúpẹ́, mo jáde síta.

Ìgbà tí mo dé ìta ni mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Àdúrà ni. Kò sí àbùkù ẹyọ kan. Bí mo bá gbé èyí fún ọ̀gá lọ́la, ó máa ní, "A dúpẹ́ o, géèmù wa ò ní àbùkù, kí la wá fẹ́ fi ìwọ ṣe?" Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Mo ti gbàgbé pé ilé wa lèyí. Ta ló máa rí ọmọ ẹlòmíràn tó gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, tó kúnlẹ̀, tó jẹ gàrí, tí á wá sọ fún un pé iṣẹ́ ẹ ò dáa? Èmi náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún mi lálejò, màá ní ó dùn, ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní gàrí tó jó mi lẹ́nu dùn ni. Bí mo bá lọ gbogbo Òkè-Ògùn, bí mo lọ Òkaka, bí mo lọ Àgọ́-Àrẹ, bí mo bá ti ń bi wọ́n pé ṣé ó dáa, wọ́n á máa ní ó dáa.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo lọ síbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, bóyá màá tètè rí ọkọ̀ padà sílé kí n lọ ro nǹkan mìíràn.

Àwọn ọlọ́kadà ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n ti to ọ̀kadà wọn sábẹ́ igi, wọ́n rọ̀gbà yí bẹ́ǹṣì kan ká. Bàbá kan tó ti hu ewú nírùngbọ̀n ń ta ayò pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ tó bí gbẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ ti kú!" ọ̀dọ́ yẹn ń pariwo. "Ẹ ti kú, kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni! Ẹ gbé pósí wá!"

Gbogbo wọn ń yínmú, wọ́n ń lu ẹ̀yìn ara wọn. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ni ọmọ yẹn ti sọ bẹ́ẹ̀, ìgbátí ni ì bá jẹ. Nídìí ayò, bàbá ò bínú. Ohun tí bàbá ṣe ni pé wọ́n dojú kọ ọpọ́n.

"Ọpọ́n yìí ò tẹ́jú," wọ́n ní. "Wo bó ṣe dagun sọ́dọ̀ ẹ. Oòrùn sì wọ̀ mí lójú. Ta ló tilẹ̀ ní ká gbé bẹ́ǹṣì síbí?"

"Ẹ̀yin náà lẹ gbé e!"

"Ọmọ ayò méjì yìí ò dọ́gba. Mo ti sọ ọ́ tipẹ́."

Mo dúró gbagidi. Bàbá ń sọ àbùkù ọpọ́n! Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Wọ́n ṣáà fìdí rẹmi ni, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa di ẹ̀bi lé, wọ́n sì ń wá a dáadáa, wọ́n ń wo igun, wọ́n ń wo oòrùn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Kò sí ohun tí ojú wọn ò kàn.

Mo ti wà níwájú wọn kí n tó mọ̀. Mo kúnlẹ̀. "Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ta ló mọ ọ̀kadà gùn jù láàárín yín?"

Ẹ ẹ̀ rí i! "Èmi ni!" "Ìwọ wo?" "Ẹni tó wọ odò lọ́jọ́sí!" "Ṣe mo ṣubú?" "O ò ṣubú, odò ló wá bá ẹ!"

Mo ní ó dáa, ọ̀kadà wà nínú fóònù mi, kí wọ́n jọ gùn ún wò. Bàbá àti ọ̀dọ́ yẹn náà ni wọ́n ní kí wọ́n gùn ún. Bàbá kọ́kọ́ gbà á, wọ́n na ọwọ́ síwájú gbọọrọ.

"Ọ̀kadà dà?"

"Ó wà níwájú yín, bàbá."

"Mi ò rí ọ̀kadà kankan! Erùpẹ̀ pupa, ọ̀kadà pupa, oòrùn tún wà lórí ẹ̀. Irú ẹni wo ló ya eléyìí? Inú ilé ló jókòó sí!"

Òtítọ́ ni. Inú ilé la jókòó sí. A ò gbé fóònù yẹn sínú oòrùn rí. Mo di ẹnu mi mú kí n má baà hó.

"Ẹ má wá àwáwí, ẹ ṣáà gùn ún," ọ̀dọ́ ní.

"Ewúrẹ́ yìí gba inú ọ̀kadà mi kọjá! Àǹjọ̀nnú ni?"

"Ó rí i pé ẹ ti darúgbó ni."

Bàbá dé ọjà, gàrí wọn ku díẹ̀. Ọ̀dọ́ gba fóònù, ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, ó ń gùn ún lọ geere, ó kọjá afárá, ó kọjá ewúrẹ́, ọjà ti ń yọ lókèèrè, gbogbo wọn ti tẹ̀ síwájú. Fóònù dún. Ìyá mi ló ń pè. Mo gbà á, mo ní mo ti jẹun, Màmá, màá pè yín padà. Nígbà tí mo fi máa dá fóònù padà fún un, ọ̀kadà ti padà sóko, àpò gàrí ṣì wà nílẹ̀, bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

Ó fò sókè. "Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ! Mo ti dé! Ṣé ẹ rí i pé mo ti dé? Ta ló pè?"

"Ìyá mi ni. Ẹ má bínú."

"Ìyá rere!" bàbá ń kígbe, wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan. "Bá mi kí wọn! Sọ fún wọn pé wọ́n bímọ!"

"Fóònù burúkú! Géèmù burúkú! Báwo lèèyàn ṣe máa pe èèyàn tí á ní kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló ṣe é?"

"Àwa ni," mo ní. Ó wò mí, ojú tì í, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Mo ní, "Rárá, rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bú u lọ!"

Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn dé, mi ò wọ̀ ọ́. Mo sáré padà sídìí agbada. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ta ló máa tètè gbé gàrí dé ọjà nínú àwọn méjèèjì yìí?" Mo nawọ́ sí ìyálé àti ìyàwó kékeré. Àwọn obìnrin tó kù ti dá a mọ̀, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ìyálé ní òun ti ń ru gàrí kí wọ́n tó bí ẹnì kan. Ìyàwó ní ẹnì kan ti rù ú títí ẹsẹ̀ ẹnì kan ò yá mọ́. Ìyálé gbá tiẹ̀, ó dé ọjà. Ìyàwó gbà á, ọwọ́ ẹ̀ tutù, omi ẹ̀gẹ́ wà ní ìka ẹ̀ bíi ti àárọ̀, ọ̀kadà ò rìn bíi ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣàdúrà mọ́.

"Mò ń tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́! Ẹ wò ó, mò ń tẹ̀ ẹ́! Ọwọ́ omi ni kò fẹ́! Ta ló lọ́wọ́ gbígbẹ níbí? Ẹ gba fóònù yìí, ó ń gbè sẹ́yìn ìyálé mi!"

"Gbé ẹjọ́ lọ sílé," ìyálé ní, ó ń jó níjókòó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fọwọ́ lé ìbàdí. "Ọmọ mi, ṣé ìjà lo wá dá sílẹ̀ fún wa ni?"

Nígbà tí mò ń padà, mò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá kan tó jókòó tì mí rò pé mò ń ka tẹ̀súbáà, wọ́n ní kí n rántí àwọn náà. Mo ní màá rántí wọn.

Ọ̀sán Sọ́ńdè, mi ò lè jẹun. Mo dé ọ́fíìsì kí ọ̀gá tó ṣílẹ̀kùn. Ará Ṣakí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì sólà, ó ń fi ṣáájì fóònù ẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín kékeré kan tí mi ò fẹ́ràn.

"Ó yá," ọ̀gá ní. "A ń gbọ́."

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀, àmọ́ mi ò ráyè ka ìwé. Ọ̀rọ̀ ń ti ara wọn jáde. Mo ní ohun àkọ́kọ́ ni pé a ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ó dáa.

"Kí la wá máa bi wọ́n?" ará Ṣakí ní.

"Ẹ máa bi wọ́n pé ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù."

Mo ṣàlàyé Ìgànná fún wọn. Mo ní méjì méjì la ó máa mú èèyàn, àwọn tó lè bú ara wọn láìjà: ọlọ́kadà àti ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìyàwó ilé kan náà, àwọn ahunṣọ lẹ́yìnkùlé wa. Ìta la ó ti gbá a, nínú oòrùn ọ̀sán, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ti sán lójú, torí irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. A ó gbá a pẹ̀lú ọwọ́ tútù. A ó máa pè wọ́n lórí ẹ̀ láàárín géèmù. Ẹni tó borí, ká kí i kú oríire, ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó fìdí rẹmi lẹni wa. Ohun tó bá sọ, ká kọ ọ́. Kí Mọ́ńdè sì tó bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ tuntun kankan tó wọlé, ká ti mọ ohun tá a máa yẹ̀ wò lórí ẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa?" ọ̀gá bi mí. Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń dúró dè látàárọ̀.

"Sà, ọjọ́ tí ẹni tó fìdí rẹmi bá bú ẹni tó nà án, tí kò bú fóònù, ọjọ́ yẹn ló dáa."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ará Ṣakí ò rín.

"Àwọn èèyàn yẹn ò mọ géèmù gbá ni," ó ní. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, kí ló fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ pé wọ́n pe fóònù, ìyẹn kì í ṣe géèmù, ẹ̀bi ẹni tó pè é ni. Ìpele òjò, ìpele tuntun tí òjò á ti máa rọ̀ sọ́nà, ló yẹ ká ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò."

Ọ̀gá ń fọwọ́ pa ìrùngbọ̀n ẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ sọ pé "ó di ìgbà mìíràn." Mo rí ara mi nílé, mò ń tú òwú.

"Ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?" mo ní.

Wọ́n wojú ara wọn.

"Ṣé ó tún ń bi wá ni?" ará Ṣakí ní. "Èmi ni mo ṣe é."

"O lè ṣe é," ọ̀gá ní, "kó o má mọ̀ ọ́n gbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má jẹ́ n yọ yín lẹ́nu."

"Yọ mí lẹ́nu ná ká rí i!"

A bọ́ síta, sínú oòrùn. Fóònù ará Ṣakí la lò, òun fúnra ẹ̀ ló ní kò sí èyí tó dà bí ẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ gùn ún. Ó ń fún ojú pọ̀, ó ń gbé fóònù sọ́tùn-ún sósì kó lè rí ọ̀nà, ó wọ kòtò kan, àmọ́ ó dé ọjà. Ará Ṣakí gbà á. Mo sọ òtítọ́, ó mọ̀ ọ́n gùn. Kò wọ kòtò kankan. Mo rìn sẹ́yìn díẹ̀, mo kọjú sí ògiri, mo yọ fóònù tèmi. Nígbà tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Ó ti dé, ó ti fẹ́ dé," mo pe nọ́ńbà ará Ṣakí.

Ó pa ìpè náà láìwò ó. Ó dojú kọ géèmù. Ọ̀kadà ti wà lóko.

"Kí lèyí? Kí lèyí! Mo ti dé ọjà! Mo ti dé, ọ̀gá, ẹ rí i! Irú géèmù burúkú wo rè é? Ẹni tó ṣe eléyìí ò..."

Ó gbọ́ ara ẹ̀.

Ọ̀gá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè mí. "Ẹni tó ṣe é ò kí ni? Parí ẹ̀! Àbúrò, kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni wa ń sọ̀rọ̀!"

"Ta ló pè mí?" ará Ṣakí ń yí orí. Mo gbé fóònù mi sókè. Mo ti múra pé á bínú. Ó wò mí, ó wo fóònù, ó sì sọ pé, "Ẹ pa fóònù ẹ̀. Ẹ jẹ́ n tún un gbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mi ò gbá mọ́. Mo ti borí."

Ọ̀gá gbọn erùpẹ̀ nù, ó wọlé, ó lọ síbi pátákó tí a máa ń kọ iṣẹ́ sí. Ó nu ìpele òjò kúrò lókè, ó gbé e sísàlẹ̀. Ó kọ "ìpè" sókè pátápátá, ó kọ "àwọ̀ ọ̀kadà" tẹ̀lé e, ó kọ "ọwọ́ tútù." Lẹ́yìn náà ló gbé ìkọ̀wé pátákó yẹn fún mi.

"Ìyókù tìẹ ni," ó ní. "Ìwọ lo ń darí ẹ̀. Agogo mélòó lo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la?"

"Ká bẹ̀rẹ̀ báyìí, sà."

"Sọ́ńdè lónìí, àbúrò."

"Mo mọ̀, sà," mo ní. Mo mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fi máa sọ ọ́ tán, mo ti gba fóònù lọ́wọ́ ará Ṣakí, mo ti wà lójú títì, mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì, bóyá màá rí ẹni méjì tí wọ́n jọ ń jiyàn.